Èsì: Àbúrò mi ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Muṣin, kò sówó iléèwé orin

Ẹ kú iṣẹ́. Iléèwé orin MUSON (Musical Society of Nigeria) ní Oníkàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù tí iléèwé tí ẹ sọ fún mi yẹn ń bèèrè. Wọ́n ń ṣe dípúlómà ọdún méjì níbẹ̀, MTN Foundation sì ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ìyẹn tó bá jẹ́ ohun èlò orin tàbí ohùn ló fẹ́ kọ́ o. Wọ́n á ní kó ṣeré kí àwọn gbọ́. Ẹ ní kò sí orin tó gbọ́ tí kò lè tẹ̀. Ó dáa, àmọ́ etí nìkan ò tó. Sol-fa (do, re, mi) ni ọ̀pọ̀ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀, àmọ́ ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ àmì orin sí ni kó dojú kọ. Kó mú orin kan nínú ìwé orin, kó máa fi ọwọ́ òsì tẹ ohùn bés, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, nìkan, díẹ̀díẹ̀, kó má yára.

Tó bá jẹ́ bíìtì ló ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù, kó máa ṣọ́ ìgbà tí Sarz Academy, iléèwé fún àwọn tó ń ṣe bíìtì, bá ń gba èèyàn. Sarz tó ń ṣe bíìtì fún àwọn olórin ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 2015.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti ní kó fọwọ́ síwèé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ẹni tó ni orin sí. Tí ẹ bá rí "títí láé", ẹ gbé e lọ fún lọ́yà.