X-ray agbárí kò lè rí ọpọlọ
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ ní àbúrò yín já bọ́ lórí ọ̀kadà, pé X-ray fi hàn pé agbárí rẹ̀ kò fọ́, ṣùgbọ́n ó ń bì, ẹ̀fọ́rí rẹ̀ sì ń le sí i. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó tọ́ kí ẹ tún wá owó CT scan, àwòrán tó ń fi inú orí hàn. Ó tọ́, kí ẹ sì gbé e lọ láìdúró de ọ̀la. Egungun ni X-ray ń fi hàn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń sun lábẹ́ egungun kì í hàn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń pani, nítorí pé agbárí kò lè fẹ̀ láti gbà á, ọpọlọ ni yóò máa tẹ̀. Ẹlòmíràn a dákú, a jí, a bá ará ilé sọ̀rọ̀ dáadáa fún wákàtí mélòó kan, kí ó tó tún dákú. CT kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. MRI, irú àwòrán inú ara mìíràn, máa ń pẹ́ jù fún irú àkókò yìí.

Bí CT bá tilẹ̀ mọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ọ̀kadà gbá bàbá mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, CT ọjọ́ náà kò sì rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, bàtà ẹsẹ̀ náà a bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń fi orúkọ mi pe àbúrò mi. Ará ilé ní ogbó ni. Dókítà tún CT ṣe, ó sì fi hàn mí: ẹ̀jẹ̀ tuntun a máa funfun nínú àwòrán, ṣùgbọ́n èyí ti pẹ́, ó dúdú ju ọpọlọ lọ, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun lábẹ́ egungun. Apá ọ̀tún àwòrán ni mo ti rí i. Dókítà ṣàlàyé pé bí ẹni dúró níbi ẹsẹ̀ aláìsàn ni wọ́n ń wò ó, nítorí náà òsì bàbá mi ni, òsì ọpọlọ ló sì ń darí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n lu ihò sí agbárí, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, ẹsẹ̀ náà sì padà bọ̀ sípò. Àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni èyí ń ṣe jù.

Bí àbúrò yín bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tí gìrì mú un, tàbí tí ọmọlójú (dúdú àárín ẹyinjú) kan fẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì gba àwòrán náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan, nítorí pé ti àkọ́kọ́ tí a mú dání ni dókítà fi mọ ohun tó yí padà nínú orí bàbá mi.