Èsì: Ìdí tí irúgbìn kòkó tuntun kò fi tíì dé oko yín
Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ béèrè bóyá irúgbìn kòkó tuntun yóò dé ọ̀dọ̀ yín bí ìjọba bá fi kún owó ìwádìí. Lójú tèmi, owó ìwádìí nìkan kò lè ṣe é. CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Ayunrẹ́, ti gbé oríṣi kòkó mẹ́jọ jáde, láti TC1 títí dé TC8; àárín ilé ìwádìí àti abúlé ni ọ̀nà ti já.

Nígbà tí Báńkì Àgbáyé ń yá ìjọba lówó fún ADP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe ní nǹkan bí ọdún 1975 kí ó tó kárí gbogbo ìpínlẹ̀, àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ ń rí alùpùpù àti owó epo, wọ́n sì ń bá àwọn olùwádìí jókòó láti mọ ohun tí wọn yóò kọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yáwó náà parí, ẹrù já lé ìjọba ìpínlẹ̀ lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń san owó oṣù (ìyẹn bí wọ́n bá san án) láìpèsè owó ìrìnnà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò àwọn tó fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà, kí owó tuntun má ṣe lọ sórí kíkọ́ ilé. Kí òfin yà á sọ́tọ̀ fún ìrìnnà, oko àpẹẹrẹ, àti gbígba àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ bíi ti Moor Plantation síṣẹ́. Ní báyìí ná, ẹ kọ̀wé sí CRIN lórúkọ ẹgbẹ́ yín láti béèrè irúgbìn náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.