Ṣé òwe jànmọ́ọ̀ ní kí àwọn tí kò pọ̀ dákẹ́?

Ìbéèrè: Ní ìpàdé àdúgbò wa ní Ilé-Ifẹ̀, àdúrà Kristẹni ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ti Mùsùlùmí ni a sì fi ń parí. Ìdílé mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ̀ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí a máa fún àwọn náà láyè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Alága dá wọn lóhùn pé, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmọ́ọ̀," ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣé ohun tí òwe náà ń sọ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó sì dùn mí pé òwe tí àwọn àgbà fi ń kó ènìyàn jọ ni wọ́n fi pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ń sìnkú òbí rẹ̀ tàbí tí ó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ, tí ó wo àgbàlá tí ó rí i pé ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ti kún ibẹ̀, ni ó máa ń pa òwe yìí láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ara rẹ̀ ni ó ń bá wí: bí ó ti wù kí òun lówó tó, bí òun nìkan bá wọlé, òun kò lè sọ pé "àwá dé". Ẹni tí ó ní agbára ni òwe náà ń rán létí pé òun kò dá tó. Kò kọjú sí ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn pé kí ó lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, jànmọ́ọ̀, yẹ kí ó mú alága yín ronú. Èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, láti ara jama'a tí ó túmọ̀ sí àwùjọ, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sì mú un wọ inú èdè wa, nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì jẹ́ ìwọ̀nba láàrin àwọn olórìṣà. Àwọn baba wa kò ju ọ̀rọ̀ náà nù nítorí pé ẹnu àwọn tí kò pọ̀ ni ó ti jáde; wọ́n fi pa òwe ni. Nínú ìrun ojoojúmọ́, lẹ́mọ́ọ̀mù pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró tì í ti tó jànmọ́ọ̀. Ìjọjókòó ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe pé apá kan pọ̀ ju apá kejì lọ.

Ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igba irúnmọlẹ̀ ó lé ọ̀kan ni a máa ń sọ, àwọn mìíràn a sì ní irínwó ó lé ọ̀kan. Ọ̀kan tí ó lé yẹn máa ń wú mi lórí, nítorí àwọn onímọ̀ kan ti ṣàlàyé pé ó fi hàn pé a kò tíì ka iye náà parí, pé àyè ṣì wà fún ẹni tí ń bọ̀. Ìtàn Ifẹ̀ sì sọ pé àwọn ènìyàn wà nílẹ̀ kí Odùduwà tó di olórí, àti pé ìjà wáyé láàrin òun àti Ọbàtálá. Odùduwà ni ó lékè, síbẹ̀ wọn kò pa orúkọ Ọbàtálá rẹ́. Àwọn àwòrò rẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì ń ṣe ọdún Ìtàpá rẹ̀ ní Ifẹ̀ títí di òní.

N kò sọ pé kí a má ka ọwọ́ ní ìpàdé o. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ibi tí a ó gbẹ́ kànga sí, tàbí iye tí a ó máa san fún ọdẹ, ẹ ka ọwọ́, kí èyí tí ó pọ̀ lékè. Ṣùgbọ́n nínú ìjọba àwaarawa, àwọn nǹkan kan wà tí a kì í dìbò lé lórí. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Abala 42 sì kọ̀ fún ìjọba láti fi ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ fi ohunkóhun dù ú.

Ìbẹ̀rù ni ó bí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1957, kí a tó gba òmìnira, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Henry Willink jẹ́ alága rẹ̀, láti wádìí ohun tí ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwa Yorùbá ni a pọ̀, àwọn ará Bìní àti ti Delta ni ó ń bẹ̀rù wa. Ní Àríwá, àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà ni kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fẹ́ kí a dá wọn padà sọ́dọ̀ wa. Níwájú ìgbìmọ̀ kan náà, Yorùbá kan ni a ń bẹ̀rù, Yorùbá kejì ni ẹ̀rù ń bà. Nínú ìjábọ̀ wọn ní ọdún 1958, wọn kò fọwọ́ sí i pé kí a dá ẹkùn tuntun sílẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin, a sì kọ ọ́. Àwọn ará Bìní àti Delta kò gbà pé ìyẹn tó. Ní ọdún 1963 wọ́n dìbò, wọ́n sì gba ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn tiwọn.

Bí ẹ bá padà sí ìpàdé, ẹ rán alága létí pé àwọn ìdílé mẹ́ta náà kò ní kí a yọ àdúrà ẹnikẹ́ni kúrò. Àwọn kan yóò ní kí a kúkú pa gbogbo àdúrà tì, kí olúkúlùkù tẹríba láìsọ̀rọ̀. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn, nítorí kò ní jẹ́ kí a mọ ara wa. Ó sàn kí a máa gbà á yípo, kí àwọn oníṣẹ̀ṣe wúre nígbà tí ó bá kàn wọ́n. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá gbà á láyè láti ṣe àṣẹ sí i lè dákẹ́. Òun náà ní ẹ̀tọ́ sí ìdákẹ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìdílé mẹ́ta náà ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti ń ṣe ìpàdé.