Ṣé òótọ́ ni pé àwọn rábì àtijọ́, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, ti mọ ohun tí sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ?

Wọ́n mọ díẹ̀, wọ́n sì ṣì í níbòmíràn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti hemophilia, àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tètè dá bí èèyàn bá fara gbọgbẹ́.

Nínú Talmud, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn rábì, ní apá tó ń jẹ́ Yevamot, ojú ìwé 64b, ìtàn obìnrin mẹ́rin kan wà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ará ìlú Zippori. Èyí àkọ́kọ́ dábẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ kú. Ti èkejì kú, ti ẹ̀kẹta náà kú. Nígbà tí ẹ̀kẹrin gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Rabban Shimon ben Gamliel, ọ̀kan nínú àwọn rábì náà, ọkùnrin yìí ní kó má dábẹ́ fún ọmọ náà. Ẹ wò ó dáadáa: ẹbí ìyá ni wọ́n wò, wọn ò wo ti bàbá. Maimonides, rábì kan tó dé lẹ́yìn wọn, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn, tún sọ pé kódà bí obìnrin náà bá lọ bímọ fún ọkọ mìíràn, kí wọ́n ṣì dúró kí ọmọ náà gbó kó sì lágbára ná.

Ọdún 1803 ni John Conrad Otto, dókítà ní Philadelphia, tó kọ̀wé pé ìyá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin. Lónìí a mọ̀ pé orí kúrómósóòmù X ló wà, okùn àbùdá tí ọmọkùnrin ń gbà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn rábì ò mọ ìyẹn o. Ojú ni wọ́n fi rí i.

Àwọn rábì kan náà ló sọ nínú Talmud, ní apá tó ń jẹ́ Shabbat, ojú ìwé 107b, pé iná orí kì í bímọ. Ẹni tó bá ti yọ ẹyin iná lórí ọmọ rí mọ̀ pé irọ́ ni.