Ìrọ̀rí mélòó ni Bàbá fi ń sùn?

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé pé dókítà kan ní Iléṣà kàn ń da ìbéèrè bò yín, tó tẹ ikùn yín títí, tí kò sì kọ síkáànù kankan, ẹ má tíì ya káàdì yẹn. Ẹ ní ó bi yín bóyá ìdodo ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún, àti ìgbà tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Kì í ṣe àtojúbọ̀ o. Inú rírun tó bá rin irú ìrìn yẹn, àpẹ́ńdíìsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bí nǹkan oṣù bá sì yẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá oyún ló dúró síbi tí kò yẹ, ìyẹn sì lè pa èèyàn kíákíá. Bó bá tún le sí i, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ padà lọ lóru òní.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ni bàbá mi. Ifẹ̀ ni a wà. Ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè mí dáadáa lóru, ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, kí a tó jókòó ni wọ́n ti ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwé jáde: ibà àti tàífọ́ọ̀dù. (Ta ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ládùúgbò wa tí kì í ní tàífọ́ọ̀dù?) Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ tì. Ibòmíràn ní ikọ́ fée ni. Owó ń lọ, ẹsẹ̀ Bàbá ń wú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká kúkú gbé wọn lọ sí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló rí wa. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, ó dá wọn lẹ́kun: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí Bàbá fẹnu ara wọn sọ ọ́." Ó fa àga sún mọ́ wọn. "Bàbá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀kan ni tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́ta, ìgbà míràn sì rèé, orí àga ni ilẹ̀ ń mọ́ àwọn sí. Ṣé wọ́n máa ń ta jí lóru bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn? Bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn wo ni wọ́n ń lò? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti jáde. Àwa ọmọ ò mọ̀ pé Bàbá ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì láti ìgbà tó ti gbówó lórí, oògùn orúnkún láti kẹ́mísì ni wọ́n ń gbé mì láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń sé omi mọ́ èèyàn lára.

Ó ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, kí orí ga díẹ̀, ó wá ń wo iṣan ọrùn wọn láìsọ̀rọ̀. Iṣan náà yọ gbọnran. Ó gbọ́ ẹ̀yìn wọn nísàlẹ̀ ìhà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, ó dì í mú díẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò: kòtò kékeré dúró síbẹ̀, kò tètè kún. Ó ní ọkàn wọn ni agbára rẹ̀ ti dín kù, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, omi sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè mí bí orí wọn ò bá ga. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ẹ́síréè àyà àti echo (àyẹ̀wò tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń lù), ohun tó wí náà ni wọ́n sì bá níbẹ̀.

Àwọn dókítà kan ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí irú èyí jáde ní 1975. Nínú 80 aláìsàn tuntun, ìtàn ẹnu nìkan ló tọ́ka àìsàn àwọn 66. Yíyẹ ara wò ran 7 lọ́wọ́, àyẹ̀wò ran 7 yòókù. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò tó tòní lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ tòní náà, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò wò fún un. Dókítà tí kò bi yín ní nǹkan kan, tí kò fọwọ́ kàn yín, ìyẹn ni kí ẹ sá fún.

Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò sínú ọ̀rá dání. Ẹ má sọ pé "gbogbo ara ló ń ro mí". Ẹ sọ èyí tó kọ́kọ́ dé, àti ọjọ́ tó dé. Àgbo tí ẹ mu, ẹ dárúkọ rẹ̀. Dókítà lè bá yín jà lórí rẹ̀, ẹ ṣáà sọ ọ́.