Ṣé aboyún tàbí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè mu oògùn ikọ́?

Ẹ lè mu òmíràn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú oyin ìgàn, ṣíbí kékeré 1 tàbí 2 nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. (Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin o.)

Tẹ́ ẹ bá dé kẹ́míìsì, ì báà jẹ́ ní Tákíé l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ sọ iye oṣù oyún yín, tàbí pé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, kẹ́ ẹ tó dárúkọ oògùn kankan. Codeine, oògùn kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ síróòpù ikọ́, ló burú jù: ó ń di morphine (oògùn ìrora tó lágbára gan-an) nínú ara ìyá, á gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ọmọ á máa sùn ṣáá, mímí rẹ̀ á sì lè dáwọ́ dúró. Láti 2018 ni ìjọba ti fòfin de síróòpù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á yọ lábẹ́lẹ̀, ẹ má gbà á. Pseudoephedrine, oògùn tó ń la imú dídí, ní tiẹ̀ máa ń dín omi ọmú kù. Dextromethorphan, oògùn tó ń dá ikọ́ dúró, tó bá dá wà, tí kò ní ọtí tàbí oògùn mìíràn nínú, ni àwọn dókítà sábà máa ń fọwọ́ sí.

Ikọ́ tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, kì í ṣe ti síróòpù mọ́. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni.