Páìpù ń yí, ọkọ̀ ò sún: ohun tí mo fi ọdún méjì kọ́

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o gbé páìpù nàró sáàárín ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, o fi mọ́tò yí i, o gbé fáànù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó máa fẹ́ ẹ, síbẹ̀ ọkọ̀ dúró gbagidi. O wá ń béèrè bóyá irọ́ ni wọ́n ń pa pé òpó tó ń yí nínú atẹ́gùn lè gbé ọkọ̀ rìn. Kì í ṣe irọ́ rárá. Fáànù àti pọ́ǹpù omi ni mò ń tún ṣe ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi wà lójú kan náà tí o wà yìí.

O ò sọ iye ìgbà tí páìpù rẹ ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ gan-an ni èmi náà ti kọ́kọ́ ṣìnà. Mọ́tò fáànù òkè àjà ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo so mọ́ páìpù tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní ínṣì mẹ́rin, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11. Mo rí i tó ń yí, inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ fáànù òkè àjà kì í sábà yí ju nǹkan bí ìgbà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Wo bí mo ṣe wá ṣírò rẹ̀: àyíká páìpù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 35, tó bá yí lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 1.7 ni ara rẹ̀ sá. Atẹ́gùn tí mo gbé síwájú rẹ̀ ń sá mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló yá mi ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Atẹ́gùn ń sáré ju ara páìpù lọ! Agbára tó ń jáde níbẹ̀ kéré jù láti ti ọkọ̀. Kí ara páìpù sáré tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta eré atẹ́gùn ni à ń wá. Fún atẹ́gùn mítà 3, tí ara páìpù bá máa sá mítà 9, ó gbọ́dọ̀ yí tó bí ìgbà 1,560 ní ìṣẹ́jú kan. Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wá fi ṣe é, tòun ti pẹ́dà tí wọ́n fi ń tẹ eré rẹ̀ sókè sódò.

Aró ló là mí lójú sí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Aláró ni ìyá ìyàwó mi, mo tọrọ aró díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo tẹ páànù bíi gọ́tà, mo jẹ́ kí omi máa ṣàn lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo gbé ìgò kan nàró sáàárín, mo wá ń kán aró sí i láti òkè. Nígbà tí ìgò dúró jẹ́ẹ́, aró là sí méjì, ọ̀tún dọ́gba pẹ̀lú òsì, ó sì dàrú lẹ́yìn ìgò. Ìgbà tí mo fọwọ́ yí ìgò ni mo rí nǹkan. Ní ẹ̀gbẹ́ tí ara ìgò àti omi jọ ń lọ, aró lẹ̀ mọ́ ìgò, ó bá a yí dé ẹ̀yìn kó tó fi í sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí ara ìgò ń dojú kọ omi, kíá ló já. Ìrù aró náà wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì yìí. Ìgò ń da omi síbẹ̀, omi náà sì ń ti ìgò padà sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́. Atẹ́gùn kò yàtọ̀ sí omi lórí èyí. Ludwig Prandtl, ọmọ Jámánì, ló ṣàlàyé awọ omi tàbí atẹ́gùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan báyìí lọ́dún 1904, ọ̀nà omi tí wọ́n ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn ni òun náà sì fi wò ó. Ọjọ́ tí mo kà á, orí mi wú.

Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni agbára yìí ń tì sí, kì í ṣe ibi tí atẹ́gùn kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni atẹ́gùn ti gbọ́dọ̀ wá kí ọkọ̀ tó lè lọ síwájú. Èyí o ti ṣe dáadáa. Tí o bá yí páìpù sódì, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ á máa fà.

Ohun kejì ni orí páìpù rẹ. Mo rí i nínú fọ́tò pé òfìfo ni. Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ tó ń tì yóò yọ́ gba orí yẹn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, agbára á sì dà nù. Wá ìdérí ike ọ̀dà, èyí tí ìbú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìbú páìpù, kó o dè é mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Kí n tó fi ìdérí sí tèmi, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní gíga, bíi gíráàmù 100 ló ń fà lórí òṣùwọ̀n onísípíríńgì. Lẹ́yìn ìdérí ó tó 150, mọ́tò kan náà, fáànù kan náà.

Jọ̀ọ́, má tíì tẹ eré rẹ̀ sókè lónìí. Jórinjórin kan ló ṣe irin àárín tí páìpù fi ń yí fún mi, ó ní ó gún régé, mi ò yí i wò. Nígbà tó kọjá 1,000, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, páìpù já, ó sì la apá mi. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Gbé irin náà lé etí ọ̀bẹ méjì tó dọ́gba, fọwọ́ yí i díẹ̀, jẹ́ kó dúró fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ ló wúwo. Lẹ téèpù mọ́ òdìkejì títí tí kò fi ní yan ojú kankan mọ́.

Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ṣì ń jiyàn, sọ fún wọn pé Heinrich Gustav Magnus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì, ti wádìí agbára yìí láti 1852. Anton Flettner, ẹnjiníà ọmọ Jámánì, gbé òpó méjì bẹ́ẹ̀ sórí ọkọ̀ Buckau lọ́dún 1924. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Baden-Baden, ó sì la òkun Àtìláńtíìkì já dé New York ní 1926. Epo dísẹ́ẹ̀lì ló gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2010 ni ọkọ̀ akẹ́rù E-Ship 1 bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú òkun pẹ̀lú òpó mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mítà 27.

O ní odò Ọ̀ṣun lo fẹ́ gbé tìrẹ lọ. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀wọ̀ ni, ó sì tún ń ṣàn: o ò ní mọ̀ bóyá páìpù ló gbé ọkọ̀ tàbí odò. Adágún ẹja kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun ni mo lò, omi rẹ̀ pa rọ́rọ́, ibẹ̀ ni ọkọ̀ mi ti kọ́kọ́ lọ síwájú, tí mo sì fi yíyí sódì fà á padà wá sọ́dọ̀ ara mi.

Fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibì kan lára páìpù rẹ, fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lọ́nà tó ń mú kí eré lọ́ra, kí o ka iye ìgbà tí àmì náà kọjá. Kọ ọ́ síbí pẹ̀lú ìbú páìpù, a ó jọ ṣírò rẹ̀.